Ìtọ́wò Kì í Ṣe Jíjẹ

Ìfura loògùn àgbà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn tí àwọn àgbà ń lò díẹ̀díẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń mu ún bí omi ni. Abájọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Màmá Ìfura. Bí o bá kí i, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ bóyá ẹnì kan ló rán ọ. Bí o bá fún un lẹ́bùn, á gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó dúpẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin, alápatà, òun ló fi ṣe ọmọ, òun náà ló fi ṣe ará ilé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó.

Àwọn méjèèjì ló jogún ìsọ̀ ẹran bàbá wọn. Àbúrò ń pa ẹran, ó ń gé e, ó ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ń po èròjà, ó sì ń dá oníbàárà lóhùn nídìí tábìlì. Ohun tó sọ wọ́n di olókìkí ni sọ́séèjì wọn: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n po iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà mọ́, tí wọ́n rọ sínú ìfun tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n wá gbé kọ́ sínú èéfín títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Láti ìgbà ayé bàbá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹni tí wọ́n ń ra ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ ń jẹ̀ káàkiri orí ààtàn, láàárín eku. Ẹran náà sanra, ó sì ń dán. Màmá Ìfura tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ó gba ẹran yẹn gbọ́.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré. Inú kọ́kọ́ run alápatà, ó yàgbẹ́ gbuuru, ó ní bóyá omi tí òun mu ni, inú rírun náà sì lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Ara rẹ̀ gbóná. Ọwọ́ tó fi ń la egungun itan sí méjì, kò lè fi gbé ife mọ́. Bó bá ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún. Bó bá yí ara padà lórí ibùsùn, á kérora. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ojú tí Màmá Ìfura kọ́kọ́ wò nígbà tó débẹ̀, kì í ṣe ojú aláìsàn. Ojú ìyàwó ló wò.

Ìyàwó yìí, aránṣọ ni. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í pọ̀ lọ́rọ̀. Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ló fún wọn ní irú ìyàwó bẹ́ẹ̀. Màmá Ìfura ní tirẹ̀, ó ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ta ló mọ ohun tó ń rò? Ó pe àwọn ọmọ ilé náà sẹ́yìnkùlé, ó fún wọn ní bisikíìtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

"Oúnjẹ tí bàbá yín ń jẹ, ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ níbẹ̀?"

"À ń jẹ níbẹ̀, mà."

"Ìkòkò kan náà?"

"Ìkòkò kan náà ni, mà."

"Inú ò sì run ẹnikẹ́ni nínú yín?"

"Rárá, mà. Ṣé ó yẹ kí inú run wá ni?"

Ó tó bẹ́ẹ̀! Gbogbo ilé jẹun nínú ìkòkò kan, ẹnì kan ṣoṣo ló dùbúlẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn tún ń fẹ́ àlàyé? Ohun tó ṣe àbúrò òun kò sí nínú ìkòkò, inú àwo ọ̀tọ̀ ló wà, ta ló sì ń bu oúnjẹ sáwo nínú ilé yẹn?

Ó tún wá rántí bí ìyàwó yìí ṣe ń se ẹran. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹran tí ìyàwó yìí bá sè, eyín ò níṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Á gbé e kaná, á bo ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì sè é títí gbogbo pupa inú rẹ̀ á fi lọ, títí ẹran á fi fúnra rẹ̀ fi eegun sílẹ̀. Sọ́séèjì ọkọ rẹ̀ gan-an, tí àwọn èèyàn ń fi iná yá lásán kí wọ́n tó jẹ ẹ́, òun á bọ̀ ọ́, á tún dín in. Tẹ́lẹ̀, Màmá Ìfura kàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Á ní, "Ìyàwó wa, ẹran yìí ti kú kó tó délé yín o, kí lo tún ń pa á fún?" Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á ní báyìí ni wọ́n ṣe ń sè é nílé àwọn. Nísinsìnyí ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́. Kí lèèyàn ń dúró dè nídìí ìkòkò tó bẹ́ẹ̀? Kí ló ń kán síbẹ̀ tó ń pẹ́ kó tó yọ́?

Ó lọ sílé ìdáná wọn nígbà tí ìyàwó wà nílé ìwòsàn. Ó gbọ́ òórùn iyọ̀. Ó ṣí ìgò òróró, ó tún un dé. Ó tú àpò aṣọ ìdáná tí ìyàwó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ba nǹkan funfun kan tó ti rún. Áà! Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́! Ó fi ìborí rẹ̀ dì í, ó fi há abíyá bí ẹni gbé ẹyin, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Obìnrin ni dókítà náà, kò dàgbà púpọ̀, ó sì máa ń ronú kó tó lanu. Ó tú ìborí, ó fi ìka méjì ra nǹkan náà.

"Ṣọ́ọ̀kì ni, mà. Èyí tí àwọn aránṣọ fi ń sàmì sára aṣọ."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Màmá Ìfura gba ìborí rẹ̀ padà. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lára rẹ̀. Tí ṣọ́ọ̀kì bá wà nínú aṣọ ìdáná lónìí, kí ló wà níbẹ̀ lánàá?

Dókítà tẹ̀lé e wọ yàrá aláìsàn. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí ọkọ rẹ̀. Dókítà ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀, oríṣi ọmọ ogun ara kan wà tó máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ bí aràn bá wọ inú ara, àwọn yẹn sì ti kún inú ẹ̀jẹ̀ alápatà bámúbámú. Pẹ̀lú ojú tó wú àti ara tó ń ro, ó ní òun ń fura sí aràn kan tó máa ń gbé inú ẹran, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá.

"Ẹnu ló gbà wọlé," dókítà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ẹ jẹ ẹran tútù lẹ́nu ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn? Tàbí ẹran tí ò jinná dáadáa?"

Alápatà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò jẹ́. "Dókítà, ṣé ajá ni mí? Láti kékeré ni mo ti wà nídìí ẹran. Mi ò jẹ ẹran tútù rí."

"Ìdílé wa ò jẹ ẹran tútù rí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Dókítà yíjú sí ìyàwó. "Nílé ńkọ́?"

"Mo máa ń sè é jinná, mà," ìyàwó wí jẹ́jẹ́.

"Ó máa ń sè é jinná jù," Màmá Ìfura wí.

Dókítà kọ èsì wọn sínú ìwé. Ó ní tí kò bá sí ẹran tútù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun á tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, kí àwọn fi wá àìsàn tó jọ ọ́. Ó jáde pẹ̀lú ojú ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ò bá èkejì mu létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó sọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Màmá Ìfura gbé: ẹnu ló gbà wọlé.

Ó dúró títí ìyàwó fi lọ pọn omi, ó sì tẹ̀ mọ́ etí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ẹnu ló gbà wọlé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Má jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi lẹ ń sọ yẹn."

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Èmi tí mo pọ̀n ọ́, ṣé mo ti purọ́ fún ọ rí?"

Alápatà ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà ń mú un, ara ń ro ó, ẹ̀rù ikú sì ń bà á. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ burúkú máa ń rí ibi jókòó sí. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó gbé oúnjẹ wá, ó ṣí i, ó bù ú sí ṣíbí, ó nà án sí i lẹ́nu. Ọkọ wo ṣíbí, ó ní kó gbé e síbẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri. Ìyàwó jókòó títí oúnjẹ fi tutù. Ó kó àwo rẹ̀, ó jáde, Màmá Ìfura sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kó ẹrù rẹ lọ sílé ìyá rẹ," ó wí, "títí dókítà á fi rí ohun tí o fún un."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fún wọn?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gbé oúnjẹ àbúrò rẹ̀ wá. Kí ló sì ń gbé wá? Sọ́séèjì ìsọ̀ wọn ni o, tí èéfín ti yá dáadáa, tó rẹwà lójú, tó gbé sórí iná fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní ẹran tí wọ́n bọ̀ jù kì í fún aláìsàn lágbára. Á gé e wẹ́wẹ́, á fi bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹni tó ń bọ́ ọ kò ní ohun kan lọ́wọ́ tó ń fi pamọ́.

Ara alápatà ò yá. Èyí tó tún wá burú ni pé ara Màmá Ìfura fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bákan. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, itan rẹ̀ méjèèjì á máa ro ó bí ẹni tó gbé òkúta rìn. Ojú rẹ̀ wúwo. Nínú dígí, ó rí i pé ìpéǹpéjú òun ti ń wú. Ẹ wá gbọ́ ohun tó rò! Ó rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àbúrò òun wá, ìyàwó ló gbé àga fún òun jókòó. Àga ni! Obìnrin yìí ti kúrò nídìí ìkòkò, ó ti dé orí àga! Ó fa gèlè sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú òun, ó sì gbé kúlà oúnjẹ, ó lọ bọ́ àbúrò rẹ̀.

Ibẹ̀ ni dókítà bá a. Ó kí wọn, ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí aláìsàn, ó sì wá tẹjú mọ́ ìdí gèlè.

"Màmá, ojú yín ńkọ́?"

"Oorun ni mi ò sùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká gèlè yín sókè díẹ̀." Dókítà fi àtàǹpàkò kan ìpéǹpéjú rẹ̀. "Ara ń ro yín? Itan? Ẹ̀yìn ọrùn?" Màmá Ìfura ò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń mì kó tó dá a dúró. "Ṣé ẹ máa ń jẹun nílé wọn?"

"Èmi? Láti ìgbà tó ti wọlé àbúrò mi, mi ò fi ẹnu kan ìkòkò ìyàwó yẹn rí. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé!"

Dókítà ò tiẹ̀ gbọ́ ti àga. Ojú rẹ̀ ti lọ sínú kúlà. Ó mú ọ̀bẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó la sọ́séèjì kan sí méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó dán. Inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, ó sì tutù.

"Ta ló gbé èyí wá?"

"Èmi ni. Ìsọ̀ wa la ti ṣe é."

"Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

"Mi ò kì í jẹ ẹ́, ó ń ta mí láyà. Iyọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń tọ́ wò, kí a tó rọ ọ́ sínú ìfun."

Dókítà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ ń tọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wò ní tútù?"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o! Ṣé lẹ́yìn tó bá ti jinná lèèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi iyọ̀ kún un ni? Bàbá wa ló kọ́ wa. A máa fi ìka bù ú, a máa tọ́ ọ wò. Ti ẹlẹ́dẹ̀ tuntun yìí gan-an, iyọ̀ rẹ̀ ò tètè dọ́gba, àbúrò mi bù ú, ó tún un bù."

"Ṣùgbọ́n mo bi yín. Mo bi yín ní yàrá yìí bóyá ẹ jẹ ẹran tútù."

"Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ!" Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń kọrin.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà fa àga, ó jókòó, ó sì fi sùúrù tú ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ó ní aràn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè rí i. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ òkú eku tàbí pàǹtírí ẹran lórí ààtàn, ibẹ̀ ló ti ń kó o, aràn á sì ká jọ sínú ẹran ara rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹran yẹn láìjinná, ìbáà ṣe èyí tó lè wà ní orí ìka, aràn á bí ọmọ nínú ìfun rẹ̀, àwọn ọmọ á sì tú ká sínú ẹran ara òun náà. Ohun tó ń ro wọ́n nìyẹn. Ó ní tí kò bá tètè rí ìtọ́jú, ó lè dé ọkàn, ó sì lè pa èèyàn. Èéfín kì í pa á. Iyọ̀ kì í pa á. Iná ló ń pa á, kí ẹran jinná dé àárín, kí pupa kan má ṣẹ́ kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́ iyọ̀ wò, kí wọ́n dín díẹ̀ lára rẹ̀ ná kó jinná. Kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹ̀rọ ìlọ-ẹran, kí wọ́n sì ti ìsọ̀ títí wolé-wolé á fi dé, kí wọ́n sì sọ fún gbogbo ẹni tó rà nínú ẹran yẹn.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?" alápatà bi í. "Inú sọ́séèjì yẹn ni ilé mi ti ń jẹ."

"Tí ẹran ilé yín bá ń jinná tó bí wọ́n ṣe sọ fún mi, kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n. Ẹni tó ń se oúnjẹ yín ló gbà wọ́n là." Dókítà wo kúlà. "Màmá, ẹran yìí lẹ fi ń bọ́ ọ láti ọjọ́ yìí?"

Màmá Ìfura ti kúlà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń gé e wẹ́wẹ́. Gbogbo ayé ló ti fura sí, àfi ọwọ́ yẹn. Ẹkún bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbé! Èmi ni mò ń pa ọmọ ìyá mi!"

Bí ó ti ń sunkún ni ìyàwó wọlé. Báàgì ìrìnnà wà ní èjìká rẹ̀, aṣọ tó fọ̀ fún ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Dókítà ló ṣàlàyé fún un, kò sì bo ohunkóhun. Màmá Ìfura kúnlẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ìyàwó wa, mo ṣẹ̀ ọ́. Foríjì mí."

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dìde." Ìyàwó fà á sókè, ó fi jókòó. Kò pariwo, kò fi í bú. Ó to aṣọ sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ò bá mi gbé. Bí wọ́n bá fura sí mi, mo lè fara dà á. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yí ojú yín sí ògiri?"

"Ẹ̀rù ló bà mí," alápatà wí. Omi ń wá ọ̀nà jáde láàárín ìpéǹpéjú tó wú.

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù mi ló bà yín." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́. "Mo ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ lo oògùn yín."

"Ìgbà wo lo máa padà?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó kí dókítà, ó jáde. Màmá Ìfura dìde, ó tẹ̀ lé e, ó ń pè é ní ìyàwó mi, ìyàwó mi, ó ń fọwọ́ gbá ògiri mú, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ò jẹ́ kó yára, ìró bàtà ìyàwó sì ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì kan bá a níbi tó dúró sí. Ó di apá rẹ̀ mú, ó ní dókítà ti kọ oògùn fún màmá náà, wọ́n á sì máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ.

"Gbogbo ẹran tẹ́ ẹ bá máa jẹ, ó gbọ́dọ̀ jinná dáadáa o, mà. Pẹ̀lú ara tó ń ro yín yìí, ẹ ò lè dúró nídìí iná. Ta ló máa máa bá yín se oúnjẹ nílé?"

Màmá Ìfura wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Kò rí orúkọ ẹnì kankan dá.